Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọṣẹ dúdú, òrí, àti ohun tó yẹ ká jẹ kára tó dán

Ọṣẹ dúdú le ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Eérú èèpo kòkó tàbí ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́, kí wọ́n tó fi omi rẹ̀ se àdín tàbí epo pupa títí yóò fi dì. Omi eérú yẹn ló ń bó ìdọ̀tí, òun náà ló ń mú kí ara gbẹ bí èèyàn bá fi wẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ láìfi nǹkan para.

Ibẹ̀ ni òrí ti wúlò. Ògidì òrí, irú èyí tó ń ti Ṣakí wá, máa ń yọ́ lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra á. Ó ní òórùn díẹ̀ (ẹ fara dà á). Ẹ fi para kí omi ìwẹ̀ tó gbẹ tán, torí ńṣe ló ń dá omi náà dúró sára.

Oúnjẹ ńkọ́? Epo pupa tí a ò dín títí tó fi funfun ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja ṣáwá, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀pà náà dáa, wọn ò sì wọ́n tó ìpara olówó ńlá.

Ṣùgbọ́n ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ fún un sórí ẹja, ẹ má fi kun ojú. Bí oòrùn bá pa omi rẹ̀ mọ́ni lára, ara lè lé ròrò, kó sì fi àpá dúdú sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.