Dídá Àwọn Eléré Mọ̀ Lára Ohun Ìrántí Bésíbọ́ọ̀lù Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá iṣẹ́ kan mu tí àwọn ènìyàn kan ń ṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí í ṣe wíwá orúkọ àwọn eléré bésíbọ́ọ̀lù tí ó wà lára àwọn ohun ìrántí àtijọ́ tí a fi ọwọ́ ṣe. Irú ohun ìrántí bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ère kékeré tí a fi igi gbẹ́, tàbí àwòrán tí a fi ọ̀dà kùn. Ó lè jẹ́ ìwé tí ọmọdé kan lẹ àwòrán àwọn tí ó fẹ́ràn mọ́, ó sì lè jẹ́ bọ́ọ̀lù tí a kọ nǹkan sí lára. Ẹni tí ó ṣe é ti kú, ẹni tí a ṣe é fún ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti tà á fún àlejò. Ohun náà nìkan ni ó kù, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ẹni tí ó wà lára rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú eré tí bésíbọ́ọ̀lù jẹ́. Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń bá ara wọn ṣe é, ènìyàn mẹ́sàn-án ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré líle kan, ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kejì yóò fi ọ̀pá igi gbá a, yóò sì máa sáré láti ibùdó kan dé òmíràn títí yóò fi padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ní ọdún 1845 ni a dá ẹgbẹ́ Knickerbocker sílẹ̀ ní ìlú New York. Ní 1869, ẹgbẹ́ Red Stockings ti ìlú Cincinnati bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún gbogbo eléré rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí ó di 1876, a dá àjọ National League sílẹ̀, eré náà sì di iṣẹ́ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní àkókò náà, àwòrán kò pọ̀ bí ti òde òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ràn eré yìí a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí yóò fi rántí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù pàápàá, ọwọ́ ni a fi ń rán an: a ó wé òwú mọ́ rọ́bà yíká, a ó sì fi awọ bò ó. Bí ìdíje bá parí, ẹgbẹ́ tí a ṣẹ́gun a máa fi bọ́ọ̀lù náà fún àwọn aṣẹ́gun. Àwọn wọ̀nyí a máa kùn ún ní ọ̀dà, wọn a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, ọjọ́ ìdíje àti iye àmì tí olúkúlùkù gbà sí i lára. Ní ọdún 1914, àwọn tí ń ta sìgá ń fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin tí àwòrán eléré wà lára rẹ̀ wé sìgá wọn. Àwọn obìnrin kó àwọn ègé náà jọ, wọ́n sì rán wọn pọ̀ di aṣọ ìbora.

Ohun tí ó mú kí ó ṣòro láti dá àwọn eléré wọ̀nyí mọ̀ ni pé kò sí nọ́ńbà lára ẹ̀wù wọn ní ìgbà àtijọ́. Ẹgbẹ́ Cleveland gbìyànjú láti fi nọ́ńbà sí apá ẹ̀wù ní 1916, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Ní 1929 ni ẹgbẹ́ Yankees ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù, gẹ́gẹ́ bí olúkúlùkù ti ń tẹ̀lé ara wọn láti gbá bọ́ọ̀lù. Babe Ruth tí ó ń ṣe ìkẹta gba nọ́ńbà 3, Lou Gehrig tí ó tẹ̀lé e sì gba 4. Síbẹ̀, ẹni tí ó rí nọ́ńbà kò gbọdọ̀ yára yọ̀. Lẹ́yìn tí Babe Ruth kúrò ní Yankees, George Selkirk ni ó gba nọ́ńbà 3. Bí a bá rí ère kan tí ó wọ ẹ̀wù Yankees pẹ̀lú nọ́ńbà yìí, a kò lè pè é ní Ruth láìjẹ́ pé a mọ ọdún tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ni ó wá yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wò? Aṣọ ni. Bí ilà ojú ti ń sọ ìran tí ènìyàn ti wá láyé àwọn baba wa, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń sọ ẹgbẹ́ tí eléré ti wá. Ní àwọn ọdún 1860 sí 1870, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ègé aṣọ kan ní àyà ẹ̀wù wọn tí a kọ lẹ́tà sí. Ẹgbẹ́ Cincinnati wọ ṣòkòtò tí kò ju orúnkún lọ, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ pupa gígùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ wọn. Ní 1939, nígbà tí wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún eré náà, gbogbo ẹgbẹ́ ńláńlá ni ó lẹ àmì kan náà mọ́ apá ẹ̀wù wọn. Ẹ̀wù tí ó bá ní àmì yìí fi ọdún rẹ̀ hàn kedere. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo kò tó láti fi mọ ìlú. Lẹ́tà B lè jẹ́ Boston, ó lè jẹ́ Brooklyn, ó sì lè jẹ́ Baltimore. Ó tún lè jẹ́ ìlú kékeré kan tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ni ó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ, ohun èlò ni ó kàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù mú, ó sì di àárín àwọn ọdún 1870 kí àwọn díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbọ̀wọ́. Ìbojú onírin tí ẹni tí ń dúró lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù fi ń dáàbò bo ojú rẹ̀, Fred Thayer ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Harvard ni ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1878. Láti 1885 títí di 1893, òfin gbà kí ìhà kan ọ̀pá wọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ère tí ó ní ìbojú onírin wá, tí ó sì ní a gbẹ́ ẹ ní 1865, irọ́ ni ó ń pa tàbí kí ó jẹ́ pé kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ̀rí yìí ń gbà ṣiṣẹ́. Agbẹ́gi tí ó wà láyé ní 1930 lè gbẹ́ ère eléré tí bàbá rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún un, kí ó sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ 1870. Ọdún tí a ṣe ohun kan yàtọ̀ sí ọdún tí ó ń sọ ìtàn rẹ̀.

Bí a bá kọ orúkọ sí ohun náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wàhálà ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ bàbá nìkan ni a sábà máa ń kọ. Bí a bá rí "Wright" lára ohun ìrántí Cincinnati ti 1869, ènìyàn méjì ni ó lè jẹ́. Harry Wright, tí a bí ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olórí ẹgbẹ́ náà. George, àbúrò rẹ̀, wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí Boston lẹ́yìn náà. Orúkọ Delahanty tún le ju èyí lọ, nítorí pé ọmọ ìyá márùn-ún ni ó fi orúkọ yìí ṣeré nínú àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Nígbà tí ọ̀ràn bá rí báyìí, àfi kí a lọ yẹ ìwé ìròyìn ọjọ́ náà wò, kí a wá orúkọ àwọn tí ó ṣeré, ipò tí wọ́n dúró sí, àti ìwé ìkànìyàn ìjọba tí ó sọ ibi tí olúkúlùkù ń gbé.

Ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti fi ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó sì ń tan ni jẹ jù. Irùngbọ̀n ń hù, a sì ń fá a. Ènìyàn ń sanra, ó sì ń rù. Etí ni kì í sábà yí padà, ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi máa ń wò ó ṣáájú. Fọ́tò kan wà tí ó fi ọkùnrin mẹ́fà hàn, tí àwọn kan sọ pé ara ẹgbẹ́ Knickerbocker ni wọ́n, àti pé Alexander Cartwright wà láàrin wọn. Àwọn mìíràn fi àwọn fọ́tò Cartwright tí ó dájú wé e, wọ́n sì ní òun kọ́. Àríyànjiyàn náà ti pọ̀ gan-an. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé àwọn fọ́tò àtijọ́ tí a tẹ̀ sórí irin pẹlẹbẹ máa ń yí ọ̀tún padà sí òsì, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà fún ìgbà pípẹ́ pé ọlọ́ṣà Billy the Kid jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì. Agbẹ́gi tí ó bá wo irú fọ́tò yìí gbẹ́ ère yóò sọ ọlọ́wọ́ ọ̀tún di ọlọ́wọ́ òsì, láìmọ̀.

Ewu wà nínú ọ̀ràn yìí, nítorí pé owó wà níbẹ̀. Ní 2022, káàdì kékeré kan tí ó ní àwòrán Honus Wagner lára ni a rà ní dọ́là 7,250,000. Níbi tí owó bá ti tó báyìí, ayédèrú kò ní jìnnà. Àwọn ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti mú àwọn tí ó ń fọwọ́ sí ohun ìrántí ní orúkọ àwọn eléré olókìkí. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn dáadáa ni kò ní kó sínú pàkúté wọn. Joe Jackson, ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù láyé, kò mọ ìwé kọ tó bẹ́ẹ̀, Katie aya rẹ̀ ni ó sì ń bá a fọwọ́ sí ìwé lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, bí a bá rí orúkọ Joe Jackson tí a fi ọwọ́ dídára kọ, a ní láti bi ara wa léèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Ọjọ́ orí ohun náà tún wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí, nítorí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ju owó lọ nínú ọ̀ràn yìí, ọlá ènìyàn sì ni. Ní 1884, Moses Fleetwood Walker, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ṣeré fún ẹgbẹ́ Toledo nínú àjọ ńlá. Lẹ́yìn rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú títí di 1947, nígbà tí Jackie Robinson wọ ẹgbẹ́ Brooklyn. Ní 1920, Rube Foster kó àwọn kan jọ ní Kansas City, wọ́n sì dá àjọ tiwọn sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ funfun kò fi bẹ́ẹ̀ kọ nípa wọn, nítorí náà ọ̀pọ̀ fọ́tò wọn ni kò ní orúkọ. Josh Gibson kú ní oṣù kìíní 1947, oṣù mẹ́ta ṣáájú kí Robinson tó wọlé. Ó di 2020 kí àjọ tí ń ṣàkóso eré náà tó gbà pé àwọn àjọ aláwọ̀ dúdú jẹ́ àjọ ńlá. Ní 2024, wọ́n ka iṣẹ́ Gibson mọ́ ti àwọn yòókù, ó sì rékọjá Ty Cobb tí ó ti wà ní ipò kìíní láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo William Edward White, tí àwòrán rẹ̀ wà láàrin ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga Brown ti 1879. Ní ọdún náà, ó ṣeré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ Providence. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ lásán ni ó jẹ́ nínú ìwé. Nígbà tí àwọn olùwádìí yẹ ìwé ìkànìyàn wò, wọ́n rí i pé ìyá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú ní Georgia, àti pé bàbá rẹ̀ ni ó ni ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ti ṣáájú Walker ní ọdún márùn-ún. Kì í ṣe ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ni ó sọ èyí, ìwé tí àwọn ènìyàn fi sùúrù yẹ̀ wò ni.

Nítorí náà, ẹni tí ohun ìrántí àtijọ́ bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi orúkọ olókìkí bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí a ti rí ohun náà àti ìdílé tí ó ni ín. Kí ó wo aṣọ, kí ó wo ohun èlò, kí ó ka lẹ́tà, kí ó sì yẹ ìwé ìròyìn ìlú náà wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, yóò rí i pé kì í ṣe Babe Ruth ni a gbẹ́, bí kò ṣe ọmọ alágbẹ̀dẹ kan tí ó ṣeré fún ìlú rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbẹ́ ère rẹ̀. Bí ó bá pe ọmọ náà ní Ruth, ó ti ja ẹni tí ó rà á lólè, ó sì ti pa orúkọ ọmọ náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá sì rí orúkọ kankan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtìjú, nítorí pé ó fi ààyè sílẹ̀ fún orúkọ tòótọ́ láti dé.