Ohùn Tí Ọmọ Ń Gbọ́: Ṣé Iṣẹ́ Ayé Ni àbí Oògùn ADHD?

Tí ọmọ bá dédé ní òun ń gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí nílé, lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti Ìdó-Ilé dé Àrámọkọ, iṣẹ́ ayé ni ọkàn ọ̀pọ̀ òbí máa kọ́kọ́ lọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: oògùn wo ni ọmọ yìí ń lò?

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan. Tí dókítà bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa, ó lè ní ADHD ni. Oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún un ni methylphenidate, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ritalin, àti amphetamine. Ọmọ tó wá kí ìyá àgbà láti Lọ́ńdọ̀nù lè gbé e dání.

Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine, tó ń ràn wá lọ́wọ́ láti fọkàn sí iṣẹ́. Bí sẹ́ẹ̀lì bá tú u síta, á tún fà á padà. Methylphenidate ń dí ọ̀nà tó ń gbà padà, kó lè pẹ́ síta. Amphetamine tún ń ti òmíràn jáde kún un. Ìwọ̀n tó yẹ máa ń ran ọmọ lọ́wọ́ gan-an. Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, ọmọ lè máa fura sí ará ilé, kó sì máa gbọ́ ohùn.

Kò wọ́pọ̀ o. Ìwádìí kan jáde ní 2019 nínú New England Journal of Medicine, lórí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó lé ní 220,000, ọmọ ọdún 13 sí 25. Nínú nǹkan bí 660 tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, ẹnì kan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Iye tó ṣẹlẹ̀ sí lára àwọn tó lo amphetamine tó ìlọ́po méjì ti methylphenidate. Ohun tó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni àìróorunsùn, ìbínú òjijì, tàbí kí ọmọ kàn dákẹ́ lọ gbári.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé òbí lè gbé ọmọ lọ sórí òkè àdúrà, kó tún máa fún un ní oògùn náà láràárọ̀. Báwo ni ohùn yẹn ṣe máa lọ?

Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oògùn sílẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n fi kún un. Tó bá ń gbọ́ ohùn tàbí tó ń fura, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó fún un ní òmíràn. Bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń bọ̀ sípò. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì l'Ádò. Arò náà wà l'Ábẹ́òkúta.

Ẹ lè máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Ẹ ṣáà ti gbé páálí oògùn náà dání.