Láàrin Àwíjàre àti Àwáwí: Ìfàsẹ́yìn Tí Kò Ṣe é Yẹ̀ Nínú Àdéhùn Ilé Kíkọ́

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé nínú pépà yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí ó ń mú kí òfin gbójú fo ìfàsẹ́yìn nínú àdéhùn ilé kíkọ́, àti ohun tí kì í jẹ́ kí ó gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn amòfin nìkan. Ẹni tí ó ti san owó lórí ilé tí a kò tíì kọ́, tí ó sì tún ń san owó ilé tí ó háyà, ń pàdánù ní oṣooṣù tí iṣẹ́ bá fi pẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tí àṣẹ ìjọba dá dúró ń pàdánù pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó yá àti ọdẹ tí ń ṣọ́ ilẹ̀ kò yé gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé: ta ni yóò ru ẹrù àdánù náà?

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ là wá lọ́yẹ̀ díẹ̀. Àwáwí ni ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́bi fi ń bo ẹ̀bi rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwíjàre ni ọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ẹni tí ó sọ ọ́ kò jẹ̀bi. Bákan náà ni ìfàsẹ́yìn yàtọ̀ sí ìjáfara: ohun tí ó dé bá ènìyàn ni ti àkọ́kọ́, ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ fà ni ti èkejì. Gbogbo iṣẹ́ òfin lórí kókó yìí ni láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

2. Ọ̀nà tí òfin gbà dé ibi tí ó wà

Inú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin àdéhùn Nàìjíríà ti ta gbòǹgbò. Ní àtètèkọ́ṣe, òfin yìí le koko. Nínú ẹjọ́ Paradine àti Jane ní 1647, ológun ti lé ayálégbé kúrò lórí ilẹ̀ tí ó yá, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní kí ó san owó rẹ̀ pé. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ẹni tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ìlérí ì bá ti yọ irú ewu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìlérí náà. Ní 1863 ni ẹjọ́ Taylor àti Caldwell dẹ òfin náà díẹ̀. Gbọ̀ngàn orin tí wọ́n ṣe àdéhùn lé lórí jóná kí ọjọ́ ìlò rẹ̀ tó pé, láìsí ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹjọ́ tú ìhà méjèèjì sílẹ̀.

Ẹjọ́ méjì tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìkọ́lé fi ibi tí ààlà wà hàn wá. Nínú ẹjọ́ Metropolitan Water Board àti Dick, Kerr, iṣẹ́ ìkùdù omi ńlá tí ó yẹ kí ó gba ọdún 6 ni ìjọba dá dúró nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àyè wà nínú àdéhùn fún àfikún àkókò, bí ó ti wù kí ìdádúró náà wáyé. Síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé ìdádúró yìí tóbi débi pé iṣẹ́ tí wọn ìbá padà sí kì í ṣe irú iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí mọ́. Àdéhùn náà ti kú.

Èkejì ni ẹjọ́ Davis Contractors àti Fareham, tí a dá ní 1956. Ilé 78 ni agbaṣẹ́ṣe gbà láti kọ́ láàrin oṣù 8. Oṣù 22 ni ó gbà á, nítorí ọ̀wọ́n òṣìṣẹ́ àti ohun èlò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Agbaṣẹ́ṣe ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ pé òun yóò lè ṣe iṣẹ́ náà bí òṣìṣẹ́ bá wà tó, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò sí lára àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí. Ó pàdánù. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ìnira àti owó gọbọi kò tó láti pa àdéhùn, àti pé ewu tí a kò kọ sínú àdéhùn, ọrùn ẹni tí ó gba iṣẹ́ ni ó máa ń jábọ́ sí.

3. Ìbéèrè mẹ́rin

Láti inú ohun tí a ti sọ wọ̀nyí àti ìṣe àwọn tí ń kọ ìwé àdéhùn, a lè fa ìbéèrè mẹ́rin yọ:

(i) Ǹjẹ́ ẹni tí ó lóye lè rí ohun náà tẹ́lẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé?
(ii) Ǹjẹ́ ó kọjá agbára ẹni tí ń tọrọ gáfárà?
(iii) Ǹjẹ́ ohun náà gan-an ni ó dá iṣẹ́ dúró, àbí iṣẹ́ ti pẹ́ kí ó tó dé?
(iv) Ǹjẹ́ ẹni náà tètè kéde, tí ó sì sa ipá rẹ̀ láti dín ìpalára kù?

Bí ìdáhùn sí ọ̀kan bá yẹ̀, àwíjàre ti ń di àwáwí nìyẹn.

4. Àyẹ̀wò àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ wa

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú òjò. Àwọn baba wa tí ń fi amọ̀ mọ ògiri mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ilé mímọ. Agbaṣẹ́ṣe tí ó bá gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn mọ̀ pé òjò yóò rọ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án. Nítorí náà, òjò lásán kò yege ìbéèrè kìíní. Òjò tí ó bá ré kọjá ìwọ̀n tí a mọ̀ mọ́ ìlú náà nìkan ni a lè jíròrò lé lórí.

Ìkejì ni òfin kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn COVID-19, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá ní 30 oṣù kẹta, 2020. Àdéhùn tí a ṣe ní 2019 yege ìbéèrè kìíní àti ìkejì láìsí wàhálà. Ẹni tí ó fọwọ́ sí tirẹ̀ ní ìparí 2020 kò lè sọ pé òun kò mọ̀ pé àrùn wà nílẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ti fi oṣù mẹ́fà pẹ́ kí àṣẹ náà tó jáde kò lè kó oṣù mẹ́fà náà pa mọ́ sábẹ́ àrùn.

Ìkẹta ni ọ̀wọ́n ọjà. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, 2023, ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́ ti 1956 ti fi hàn, èyí kì í ṣe àwíjàre fúnra rẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn tí yóò sọ bí iye owó iṣẹ́ yóò ṣe máa yí padà.

Ìkẹrin ni ti ilẹ̀. Abala 22 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé a gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí á tó gbé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ fún ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tí ń kọ́lé tà ni ó mọ èyí. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó kọ̀wé béèrè, ìjáfara ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Òtítọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní 2016 láti fòfin de ìwà ipá lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ayé ń retí kò lè jẹ́ ìyàlẹ́nu.

5. Nígbà tí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ bá fa ìdádúró

Kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe nìkan ni ó ń jáfara. Nínú ẹjọ́ Peak àti McKinney ní 1970, òpó ìpìlẹ̀ ilé kan ní Liverpool ní àbùkù, iṣẹ́ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ 58. Ṣùgbọ́n ìjọba ìlú tí ó ni iṣẹ́ náà ni ó fa púpọ̀ nínú ìdádúró ọ̀hún, kò sì sí gbólóhùn tí ó fàyè gba àfikún àkókò fún irú èyí. Nítorí náà, wọn kò lè gba owó ìtanràn tí a ti là kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún pípẹ́. A rí i pé gbólóhùn àfikún àkókò ń dáàbò bo ẹni tí ó ni iṣẹ́ pẹ̀lú: láìsí i, àṣìṣe kékeré tirẹ̀ lè sọ ọjọ́ ìparí iṣẹ́ di òfo.

6. Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn ilé títà lónìí, ẹni tí ń kọ́lé tà ni ó ń kọ ìwé, gbólóhùn rẹ̀ sì máa ń gbòòrò: “ohunkóhun tí ó bá kọjá agbára wa.” Olùrà tí ó fọwọ́ sí i ti fi ilé rẹ̀ sí ojú àgbàrá. Èrò wa ni pé gbólóhùn tí ó bá tọ́ gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan mẹ́rin: kí ó dárúkọ àwọn ohun tí a lè gbójú fò, kí ó dá ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ kéde wọn, kí ó sọ pé àkókò ni a ó fi kún, kì í ṣe owó, àyàfi bí ẹni tí ó ni iṣẹ́ bá ni ó fa ìdádúró, kí ó sì dá ọjọ́ ìkẹyìn kan tí olùrà lè gba owó rẹ̀ padà bí ilé kò bá tíì parí, ohun yòówù tí ì báà fà á.

Kókó kẹrin yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Kò sọ pé agbaṣẹ́ṣe jẹ̀bi, kò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi rẹ̀ máa wà lórí ẹnì kan ṣoṣo láìlópin.