Ẹ Tọ́jú Omi Ọgbà Yín Kí Ooru Ẹ̀ẹ̀rùn Tó Dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ mọ oṣù tí ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n jù. Ní agbègbè wa, ní Ìgànná, ní Pobẹ̀ àti ní Sakété, òjò máa ń dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá. Láti oṣù kejìlá títí di àárín oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ọyẹ́ á kọ́kọ́ fẹ́, á gbẹ gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn rẹ̀, ooru á mú ní oṣù kejì àti oṣù kẹta. Ẹni tí ó bá ní tẹ̀tẹ̀, gboma tàbí tòmátì lórí ilẹ̀ nígbà náà yóò rí owó. Ẹni tí omi bá tán mọ́ lọ́wọ́ yóò rí ewé gbígbẹ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àìsí omi ló ń ba ọgbà jẹ́. Omi wà, ṣùgbọ́n okùn kànga ti já, garawa ti ń jò, rọ́bà ti dí. Oṣù kọkànlá ló yẹ kí a tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ pọ̀ ní oṣù náà, àgbàdo wà láti ká. Síbẹ̀, ọjọ́ méjì tó fún iṣẹ́ yìí.

ELÒÓ NI OMI TÍ Ẹ NÍLÒ?

Ilẹ̀ ọgbà tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, ń mu bíi lítà márùn-ún omi lójúmọ́ nígbà ooru. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ebè ẹ̀fọ́ kan tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 1, ń mu lítà 50. Ebè mẹ́wàá ń mu lítà 500. Bí garawa yín bá ń gba lítà 20, garawa 25 nìyẹn, lójoojúmọ́.

Ta ni yóò fà á? Ta ni yóò rù ú? Omi lítà 20 wúwo tó kílò 20, kànga orí ilẹ̀ pupa wa sì jìn. Bí ó bá jẹ́ àwọn ọmọ lẹ ń rán, wọn yóò pẹ́ dé ilé ìwé, wọn yóò sì máa tòògbé níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo agbára ilé yín kí ẹ tó gbìn. Bí ó bá jẹ́ garawa 10 ni ẹ lè fà lójúmọ́ láìṣe ara yín léṣe, ebè mẹ́rin ni kí ẹ gbìn. Ebè mẹ́rin tí ó mu omi yó yóò mówó wọlé ju mẹ́wàá tí òùngbẹ ń gbẹ lọ.

KÀNGA ÀTI Ẹ̀RỌ ÌFAMI

Ẹ na okùn kànga sílẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Ibi tí ó ń kan etí kànga ni ó máa ń tètè jẹ. Ẹ má ṣe so ojú ibẹ̀ lásán, ẹ pààrọ̀ okùn náà. Bí agbára bá wà, ẹ fi kẹ̀kẹ́ ìfami sí orí kànga. Ó ń gba apá àti ẹ̀yìn là.

Ẹ so òkúta mọ́ okùn mìíràn, kí ẹ sọ ọ́ sínú kànga títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ fà á jáde, kí ẹ wo ibi tí omi mu dé lára rẹ̀, kí ẹ ta kókó síbẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ń lọ sílẹ̀ kíákíá, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ ní láti dín ebè kù, kí ẹ tó tún gbin òmíràn.

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí tí ó tẹ̀ lé e yìí, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfami tí a gbé sórí ilẹ̀ kò lè fa omi tí ó jìn ju bíi mítà 7 lọ. Nítorí èyí, nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn kan máa ń gbé ẹ̀rọ elépo sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kí ó lè sún mọ́ omi. Ẹ má ṣe é láé! Èéfín ẹ̀rọ náà ní oró tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Kì í jáde kúrò nínú kànga bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ á dákú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tí ó bá sáré wọlé láti gbé e yóò tún ṣubú lé e. Báyìí ni ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ṣe ń kú nínú kànga kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá ṣubú sínú kànga, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́. Ẹ fi okùn fà á, kí ẹ sì ké pe àwọn ènìyàn.

OHUN TÍ A Ń TỌ́JÚ OMI SÍ

Ẹ pọn omi kún gbogbo garawa àti àgbá yín ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi òkúta fín ibi tí omi dé. Ní òwúrọ̀, ẹ wò ó. Èyí tí omi rẹ̀ bá ti dínkù ń jò. Ẹ tún un ṣe, tàbí kí ẹ fi gbin ata.

Ẹ má ṣe lo agolo tàbí ike oògùn apakòkòrò fún omi, bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìgbà mẹ́wàá. Ní ọdún 1999, ní agbègbè tí wọ́n ti ń gbin òwú ní àríwá Benin, ọmọdékùnrin kan fi agolo oògùn òwú tí ó ti ṣófo bu omi mu, ó sì kú. Kì í ṣe òun nìkan ni oògùn náà pa ní ọdún yẹn. Endosulfan ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn Stockholm fẹnu kò láti fòpin sí i, ṣùgbọ́n àwọn oògùn mìíràn tí ó lè pa ènìyàn ṣì wà lọ́jà. Ẹ lu agolo wọn ní ìhò kí ẹnikẹ́ni má baà tún lò ó.

Ẹ bo àgbá omi. Nínú omi tí a ṣí sílẹ̀, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tí ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Aṣọ tí a dì mọ́ ẹnu àgbá pinpin ti tó. Ìbòrí náà tún ń dá oòrùn dúró. Bí oòrùn bá ń wọ inú omi, ewéédò á hù, ewéédò yìí ló sì ń dí ihò rọ́bà.

EBÈ ÒJÒ YÀTỌ̀ SÍ EBÈ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Ní ìgbà òjò, a máa ń gbé ebè sókè kí omi lè ṣàn kúrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì fi ebè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tí wọ́n fi gbogbo agbára fà á sì ṣàn lọ sí poro. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gbẹ́ ojú ebè wọlẹ̀ díẹ̀, bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ fi erùpẹ̀ ṣe etí yí i ká. Gbogbo omi tí ẹ bá dà yóò dúró sí ìdí ẹ̀fọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí èèpo àgbàdo bo ilẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ìdí igi tòmátì, nítorí ikán. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ilẹ̀ dúdú ní ọ̀nà Issaba, ẹ mọ bí ilẹ̀ yín ṣe ń là nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ibi tí ó là ni omi ti ń sá lọ. Ẹ fi ọkọ́ kékeré tú ojú ilẹ̀ kí ẹ tó bo ó, kí ojú ibi tí ó là lè dí.

KÍ OMI MÁA KÁN DÍẸ̀DÍẸ̀

Àwọn kan ń lo rọ́bà oníhò wẹ́wẹ́ tí omi ń kán láti inú rẹ̀ sí ìdí ewéko. Ní Kalalé, ní àríwá Benin, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin abúlé Bessassi àti Dunkassa bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní ọdún 2007. Ẹ̀rọ tí ń lo agbára oòrùn ń gbé omi sínú àgbá ńlá, omi sì ń ti ibẹ̀ lọ sínú rọ́bà. Wọ́n ń kórè ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ta ìyókù.

Ní ilé, àgbá kan tí a gbé ga ní mítà kan lè bọ́ ebè díẹ̀. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kí ó tó wọ inú àgbá. Kí ẹ tó gbìn, ẹ ṣí ìdí rọ́bà kí omi fọ ìdọ̀tí jáde, kí ẹ tún dì í, kí ẹ sì rìn tọ̀ ọ́ láti orí dé òpin. Ibi tí ilẹ̀ bá gbẹ, ihò ibẹ̀ ti dí. Ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ gún un. Ihò náà á fẹ̀, omi yòókù á sì máa gba ibẹ̀ lọ. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi ọwọ́ pa á. Ẹ máa fọ rọ́bà báyìí ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí kò bá sí owó rọ́bà, ìkòkò amọ̀ wà. Àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ ọ́n ní ohun tí ó ju 2000 ọdún lọ. A ń ri ìkòkò náà mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàárín ewéko, a ń bu omi kún un, a sì ń dé e. Omi ń rọra jáde lára rẹ̀ sí gbòǹgbò. Ìkòkò tí a kò kùn ní ọ̀dà ni kí ẹ lò. Ẹ bu omi sínú rẹ̀ kí ẹ tó rì í. Bí ara rẹ̀ bá ń làágùn, ó dára.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ máa bomi rin ọgbà. Bí ẹ bá ṣe é ní ìrọ̀lẹ́, ìdí ni kí ẹ bu omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ewé tí ó tutù mọ́jú máa ń ṣàìsàn. Ẹ fi ìka gún ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan ló tutù, omi náà kò tíì dé gbòǹgbò.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ní oṣù kẹta, ẹ má ṣe tètè kó garawa yín pamọ́. Òjò yẹn sábà máa ń rin ojú ilẹ̀ lásán, ọ̀sẹ̀ méjì gbígbẹ sì lè tẹ̀ lé e. Ẹ ṣì máa fi ìka gún ilẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ léraléra, ẹ ya etí ebè yín ní ibi kan kí omi lè rí ọ̀nà jáde.