Iye Owó àti Iyì: Àpótí Synthesizer àti Ẹ̀rọ Tí Ń Fún Un Níná

Bí a bá fẹ́ ra ìlù ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, igi rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí awọ ya, a ó fi òmíràn bò ó. Igi ni ilé ohùn.

Ojú yìí ni mo fi ń wo synthesizer tí a ń to ẹ̀yà rẹ̀ sínú àpótí, irú èyí tí iléeṣẹ́ Doepfer ní Jámánì gbé jáde ní 1995. Ẹ̀yà tí ń dún ni olùrà ń náwó lé; àpótí olówó pọ́ọ́kú ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè má ní ẹ̀rọ iná nínú. Fóòtì +12, -12 àti, nígbà mìíràn, +5 ni àwọn ẹ̀yà náà ń lò. Bí ẹ̀yà mẹ́wàá bá ń gba mílíáńpíà 80 ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí +12, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 800. Ẹ̀rọ tí ó lè pèsè 1,200 ni yóò gbé e láìmí hẹlẹ.

Nítorí náà, ẹ ro owó àpótí pọ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ iná, kí ẹ tó fi àyè inú rẹ̀ pín in. Iye owó gan-an nìyẹn. Ní ti iyì, ẹ̀rọ iná tí kò pegedé lè ba gbogbo ẹ̀yà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yà méjì ni èmi fi kọ́ ọgbọ́n yìí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.