Kí ló ń mú títì ọlọ́dà sán ní Tamale, níbi tí yìnyín kì í ti í bọ́?

Ní Tamale, olú ìlú ẹkùn Àríwá ní orílẹ̀-èdè Ghana, ètè àti gìgísẹ̀ nìkan kọ́ ló máa ń sán nígbà ọyẹ́. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń hàn lójú títì ọlọ́dà pẹ̀lú, ó sì rọrùn láti di ẹ̀bi náà ru òtútù òru.

Òtútù lè mú títì sán lóòótọ́. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Toronto tàbí Chicago mọ ìlà tó máa ń dá títì ní ìbú, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn ìgbà òtútù. Bí òtútù bá mú kọjá ààlà, ọ̀dà tó so òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ máa ń sún kì, á sì gan. Nítorí pé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dì í mú, ńṣe ló máa ń já.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo ọ̀dà tó rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Minnesota, l'Amẹ́ríkà. Nọ́mbà méjì ni wọ́n fi ń dá ọ̀dà mọ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní PG 58-28, fún àpẹẹrẹ, ni wọ́n ṣe láti fara da ooru títì tó tó ìwọ̀n 58 Celsius, àti òtútù tó fi ìwọ̀n 28 wà nísàlẹ̀ òdo.

Òru Tamale kì í sábà tutù tó ìwọ̀n 15, kódà nínú ọyẹ́. Ní oṣù Kẹta, ooru ọ̀sán ibẹ̀ máa ń sún mọ́ ìwọ̀n 40, ojú títì fúnra rẹ̀ sì lè gbóná kọjá 60. Bí wọ́n bá gbé ọ̀dà Minnesota wá síbẹ̀, yóò rọ̀ débi pé táyà ọkọ̀ ẹrù yóò gbẹ́ ipa sí i lára.

Oòrùn ló lẹ̀bi jù

Ooru àti atẹ́gùn ló ń sọ ọ̀dà di gbígbẹ lọ́dọọdún, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀dà tó ti gbó kò lè tẹ̀ mọ́. Bí ẹrù wúwo bá gùn ún, á sán. Ẹrù kò sì wọ́n lọ́nà yìí, nítorí Tamale ni títì N10 gbà láti Kumasi lọ sí Paga, ní ẹnubodè Burkina Faso. Níbi tí amọ̀ bá wà lábẹ́ títì, ọ̀gbẹlẹ̀ á tún fa omi inú rẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ á sún kì, etí títì á sì là.

Kí òjò tó dé

Omi gan-an ni ewu tó wà nínú ìlà wọ̀nyí. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọlé, á sọ yangí abẹ́ títì di rírọ̀, táyà á sì sọ ọ́ di kòtò.

Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ìlà ṣì lanu tó sì gbẹ, ló yẹ kí wọ́n dí i. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú rẹ̀ dànù, torí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ eruku ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọ̀dà gbígbóná sí i, wọ́n á sì bu yanrìn lé e kí ó má baà lẹ̀ mọ́ táyà. Bí gbogbo ojú títì bá ti gbó, àfi kí wọ́n fọ́n ọ̀dà àti òkúta wẹ́wẹ́ tuntun lé e lórí. Gọ́tà náà ńkọ́? Bí ó bá dí, omi á gba ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ títì.

Ní ti títì tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kì dáadáa kí atẹ́gùn má lè ráyè wọ inú rẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ se ọ̀dà náà jù níléeṣẹ́. Ọ̀dà tí iná bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀ ti gbó kí wọ́n tó tẹ́ ẹ.