Ọrun Fífúyẹ́, Irin Mímú

Irin kì í ṣe àlejò ní Ilé-Ifẹ̀. Lágbègbè ààfin, irin bàǹtà kan wà tí à ń pè ní Ògún Ládìn, orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ìtàn sọ pé ó ń rọ irin fún Odùduwà. Ṣùgbọ́n bí ọdún Ọlọ́jọ́ bá dé, tí Ọọ̀ni dé Adé Aàrè lọ sí Òkè Mògún, ìró ìbọn àwọn ọdẹ lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ ìró ọsán ọrun. Ó ti pẹ́ tí ṣakabùlà ti gba ipò ọfà lọ́wọ́ ọdẹ wa. Ibi tí ojú ṣì ti ń rí ọrun kò ju ìdí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ, irin kékeré tí wọ́n rọ bí ọrun tí ọfà wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà Kétu gbé òrìṣà náà dé Brazil, ofá ni wọ́n sì ń pe irin yẹn níbẹ̀ títí dòní.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn ṣì ń fi ọrun dọdẹ gidi. Òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó pè mí lórí fóònù: “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn àwọn ọdẹ. Irin wo ni kí n ra sórí ọfà mi? Pọ́n-ùn 40 péré lapá mi lè fà.” Mo rẹ́rìn-ín, nítorí èmi ò pa eku rí. Àmọ́ ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, mo sì bá a wádìí rẹ̀.

Pọ́n-ùn tó ń wí ni agbára tí apá fi ń fa ọsán kó tó jù ú sílẹ̀. 40 rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 18. Òfin Ohio ò gbà kí ọrun tí wọ́n fi ń pa àgbọ̀nrín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé etí ààlà gan-an ni ọmọ wa dúró sí. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọrun àtijọ́ tí kò ní àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré lórí àti nísàlẹ̀, fífà íǹṣì 28 ni wọ́n fi ń wọn iye tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tí apá rẹ̀ kúrú tí kò fà á débẹ̀ kò rí pọ́n-ùn 40 yẹn gbà rárá.

Báwo làwọn baba wa ṣe ń fi ọrun tí kò le pa ẹran ńlá? Oró ni. Igi kan wà nínú igbó wa tó máa ń rọ̀ mọ́ igi mìíràn, Strophanthus hispidus lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ewéko. Oró inú èso rẹ̀, ọkàn ẹran ló ń lọ bá tààrà. Káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń fi í pa ọfà lórí. Nígbà tí dókítà òyìnbó kan, John Kirk, bá Livingstone, arìnrìn-àjò nì, rìn lọ sí odò Zambezi láàrin 1858 sí 1863, oró inú ìbátan igi yìí ta sí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀. Ó rí i pé ọkàn òun ń lù bí kì í tíí lù. Àwọn oníṣègùn Edinburgh gbà á níbẹ̀, wọ́n sì sọ oró ọdẹ di oògùn àrùn ọkàn.

Ẹ wá wo ohun tí oró ń béèrè lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Irin ọfà kékeré tó, kò gbọdọ̀ tóbi. Ìkọ́ dára lára rẹ̀, kó lè há sínú ẹran, kí oró ráyè yọ́ wọ ẹ̀jẹ̀. Bí ọfà bá wọlé díẹ̀, ó parí. Ọdẹ á máa tọ ẹsẹ̀ ẹran lọ ni. Lọ́dọ̀ ọmọ wa, gbogbo èyí dojú délẹ̀. Òfin Ohio ka ọfà olóró léèwọ̀. Ní Alaska, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn, irin tó bá ní ìkọ́ kò bófin mu. Ohun tó ń pa ẹran lọ́dọ̀ wọn ni ojú abẹ nìkan: kí irin gé ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan ńlá, kó wọlé níhà kan, kó jáde níhà kejì, kí ẹ̀jẹ̀ lè sọ ọ̀nà tí ẹran gbà. Ẹran ọ̀hún, àgbọ̀nrín onírù funfun tí akọ rẹ̀ máa ń wọ́ ìwo dànù lọ́dọọdún, ga ju tiwa lọ díẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ sì le.

Mo sọ fún un pé ọrun fífúyẹ́ dà bí obìnrin tó mú owó táṣẹ́rẹ́ lọ sí Ọjà Ifẹ̀. Kò lè máa tọ́ gbogbo nǹkan wò; ohun tó máa wọ ìkòkò ló ń rà. Irin kan wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta irin ọfà ní Ohio, tó ń pa abẹ rẹ̀ mọ́ra bó ṣe ń fò, tó sì ń ṣí i nígbà tó bá kan ẹran. Ó ń fò tààrà, ihò rẹ̀ sì fẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ fẹ́ kó rà. Bẹ́ẹ̀, ṣíṣí abẹ yẹn, agbára ni, inú agbára ọfà náà ló sì ti ń yọ ọ́. Ihò tó fẹ̀ ń gba agbára pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń fa pọ́n-ùn 70 lè fi ṣeré. Ẹni tó ń fa 40, ọfà rẹ̀ lè dúró sí agbede-méjì àyà ẹran.

Irin olójú mẹ́ta tí ṣóńṣó rẹ̀ rí bí ìṣó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó yẹn ní láti ti awọ ya kí abẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tí mo bá a fara mọ́ ni olójú méjì tó ń gé láti ṣóńṣó, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta. Ed Ashby, ará Amẹ́ríkà kan, ta ọfà onírúurú irin lu ẹran lóríṣiríṣi ní Natal, ní South Africa, ní àwọn ọdún 1980, kó lè mọ èyí tó ń wọlé jù. Irin gígùn tóóró ló yìn, àti ọfà tó wúwo. Ohio kò béèrè ju ojú méjì àti ìbú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì lọ, nítorí náà irin tóóró kò ní kó o sí ìjọ̀gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ wíwúwo yìí le díẹ̀ létí rẹ̀. Ó rò pé ọfà tó yára ló ń wọlé jù. Ṣùgbọ́n látinú ọrun kan náà, ọfà tó wúwo máa ń gba púpọ̀ sí i nínú agbára ọrun, kì í sì í tètè dúró bó bá pàdé egungun. Grain ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 7,000 rẹ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Irin orí ọfà sábà máa ń jẹ́ 100 tàbí 125. Mo ní kó mú 125, ó kéré tán, kí gbogbo ọfà náà sì kọjá 400. Yóò lọ sílẹ̀ kíákíá nínú afẹ́fẹ́, nítorí náà kó má ta á kọjá yáàdì 20, kó sì dúró de ìgbà tí ẹran bá fi ìhà hàn án. Bí ẹran bá kọjú sí i, èjìká àti egungun àyà ló máa bá pàdé.

(Ẹ̀yin ará wa ní England, ẹ má wulẹ̀ ra nǹkan kan. Òfin 1991 lórí àgbọ̀nrín kò fàyè gba ọfà ní England àti Wales.)

Irin tuntun kì í sábàá mú tó bí wọ́n ṣe ń tà á. Ó ní láti pọ́n ọn títí tó fi lè fá irun apá. Kó tó wọ igbó, kó ta irin náà sí ohun ìdánrawò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà aláìlábẹ tó wúwo bákan náà, kó wò ó bóyá ibì kan náà ni wọ́n ń bà. Ọfà tó ń mi ìdí bó ṣe ń lọ ti ná lára agbára rẹ̀ kó tó dé ara ẹran, nítorí náà bí ó bá ń mi ìdí, igi ọfà ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀, kó tó tún náwó sí irin mìíràn.